Akọni Odò

Ogójì ọdún ni Àwẹ̀ró fi tukọ̀ ní èbúté Ìsàlẹ̀-Odò kí ìjọba tó fún un níṣẹ́ tó sàn jù: kó jókòó. Ẹ̀rọ ló ń tu ọkọ̀ ẹrù báyìí. Òfin kàn ní ènìyàn kan gbọ́dọ̀ máa wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Àwẹ̀ró rí i pé àwọ̀ omi iwájú ti yí padà: yanrìn ti gòkè níbẹ̀.

"Yà sósì!" ó ké sí ẹ̀rọ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa," ẹ̀rọ dáhùn. "Omi ibẹ̀ jìn."

Àwẹ̀ró kò bá a jiyàn. Ó já ìdarí gbà, ó yí ọkọ̀ sósì, ìdí ọkọ̀ ha yanrìn díẹ̀, ó sì kọjá. Ìrẹsì gbogbo ìlú bọ́ lọ́wọ́ omi.

Inú ọ̀gá èbúté dùn gan-an, ó sì fi ẹ̀rọ joyè Akọni Odò. Nítorí pé ẹ̀rọ kò lọ́wọ́, wọ́n ní kí Àwẹ̀ró bá a gba àmì ẹ̀yẹ. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó sì gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè é. "Ìyá, àmì ẹ̀yẹ ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ó wà ní yàrá mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ ní kó wá mú un."