Ìròyìn Láti Ìkẹjà

Ní agogo méjì ọ̀sán, lójoojúmọ́ tí iná bá wà, Tẹ́júọlá a fi ìròyìn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ ní Ìlúpéjú.

Inú ẹ̀rọ náà ni orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà wà, àti iye ọdún tí kálukú fi sìn, èyí tí wọ́n máa fi ṣírò owó àjẹmọ́nú rẹ̀. Ikán ti jẹ àwọn fáìlì oníwèé; ẹ̀rọ nìkan ló kù. Ẹ̀rọ a máa kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ìgbà tí iná lọ, ìgbà tí ara rẹ̀ gbóná jù, orúkọ tí kò lè kà mọ́. Okùn tẹlifóònù ni ìròyìn yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà àgbà ní olú iléeṣẹ́.

Láti ìgbà tí náírà ti wálẹ̀, tí òwú òkèèrè kò ṣeé rà mọ́, wọ́n ti dá àwọn ahunṣọ dúró. Nígbà tó fi máa di 1994, ó ku Tẹ́júọlá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àti Jimoh tó ń ṣọ́ géètì. Ọ̀gá kankan kò yọjú mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá ti lọ tán, èsì kan náà ló máa ń hàn lójú ẹ̀rọ:

"A ti gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀."

"Wọ́n mọ̀ pé a wà níbí," Tẹ́júọlá wí.

"Àǹtí, tí wọ́n bá mọ̀, kí wọ́n rán ẹni tó máa tún ẹ̀rọ yìí ṣe wá," Jimoh dáhùn.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Bàbá Oyèkànmí, ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ tí wọ́n dá dúró, a fẹsẹ̀ rìn wá láti Agége.

"Ọmọ mi, ọdún mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, bàbá. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á sì padà sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, Tẹ́júọlá tẹ orúkọ bàbá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ kò rí i.

"Ó wà níbẹ̀, bàbá," ó wí, kò gbójú sókè.

Ó fi ìròyìn ránṣẹ́. Èsì kan náà ló tún dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú rẹ̀, ó tẹ ìròyìn náà sórí ìwé, ó ká a sínú báàgì, ó sì forí lé Ìlúpéjú. Ó ń ka ẹ̀bẹ̀ tó fẹ́ bẹ àwọn ọ̀gá nítorí ẹ̀rọ náà sínú títí tó fi débẹ̀.

Géètì olú iléeṣẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Koríko ti bo ibi tí àwọn ọ̀gá ń gbé mọ́tò sí. Ó gun òkè. Ilẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn, títì ni gbogbo wọn, àfi ti ìparí. Níbẹ̀, ọkùnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún, tó so táì mọ́rùn, jókòó níwájú kọ̀ǹpútà.

Tẹ́júọlá kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni mo ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti Ìkẹjà."

Ọkùnrin náà sáré dìde, ó dọ̀bálẹ̀ sórí eruku níwájú rẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ ṣeun tí ẹ wá, ọdún kan àbọ̀ rèé tí mo ti ń dá jókòó síbí, tí mo ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá tó kù ní Ìkẹjà lójoojúmọ́ pé kí ẹ má lọ fi mí sílẹ̀."