Ọkọ̀ Tó Panu Mọ́

"Hámúdì, torí Ọlọ́run, yára! Àkeekèé ta ọmọ mi ní àgọ́." Awakọ̀ náà di àpò oògùn mú bí ẹni tó gbé ẹyin.

Hámúdì, mẹkáníìkì ìlú Átárì létí aṣálẹ̀, ń fá ihò mánífóòlù tuntun, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, kó lè bá a mu. "Ti Ṣáínà ni. Ta ló tún ń rọ ojúlówó fún arúgbó ọkọ̀ báyìí?"

"Ṣáá dè é! Èyí àtijọ́ tó là yẹn kò jẹ́ kí ọkọ̀ lè gun yanrìn mọ́."

"Fèrè ọkọ̀ rẹ ti kú, bàbá ọmọ. Ariwo èéfín yìí nìkan ló kù fún ọ!"

"Ọmọ mi ń kú lọ, ìwọ ń ṣe yẹ̀yẹ́!"

Nígbà tí Hámúdì dè é tán, ọkọ̀ tó ń bú bíi kìnnìún ń rìn bí ológbò. Awakọ̀ sáré wọ aṣálẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó délé ni ìjì yanrìn bo ayé mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Bí ìjì bá ń jà, Tékíbà ìyàwó rẹ̀ a máa lu ìkòkò irin lẹ́nu àgọ́, òun a sì tẹ̀lé ìró rẹ̀ délé.

Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Tékíbà! Lu ìkòkò!" Atẹ́gùn gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ló rántí pé Tékíbà kì í lu ìkòkò àfi tó bá gbọ́ ọkọ̀ tó ń bú.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa sípánà yọ, ó sì ń tú mánífóòlù tuntun tó gbóná bí ẹ̀yinná. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó, kò dúró, títí ó fi tú sílẹ̀. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó sì bú ramúramù.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ́tí.

Lápá òsì, lọ́nà jíjìn: gbàn, gbàn, gbàn.