Ọmọ Tí A So Mọ́ Àga Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi ka ìtàn yìí délẹ̀. Ẹ má ṣe já a sílẹ̀ lágbedeméjì, nítorí ìparí rẹ̀ ni oró rẹ̀ wà.

Kí ọ̀rọ̀ tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi tí kì í kó ẹrù, tí kì í sì í gbé ènìyàn lọ sí ìlú kankan. Yóò gbé wọn yí omi ká, wọn yóò jẹun, wọn yóò gba atẹ́gùn, yóò sì dá wọn padà sí èbúté tí ó ti gbé wọn. Àbùfúnraẹni ni oúnjẹ tí a tẹ́ kalẹ̀ tí kálukú ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù. Ọmọ ìrìn-tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ọ̀já ni aṣọ gbọọrọ tí a fi ń gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

1.

Sàídù ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Ọ̀gá wọn pe àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn sí oúnjẹ alẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́. Inú Ṣìkẹ́mi, ìyàwó Sàídù, dùn ju bó ti yẹ lọ. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí Ajégúnlẹ̀ lára òun lọ́jọ́ náà. Ó yá bàtà, ó yá ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ó kọ́ Tàwàkálítù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, bí a ṣe ń fi àmúga jẹun. Ṣèyí, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìrìn-tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ni kò ṣeé kọ́.

"Ṣé o mú ọ̀já?" Sàídù bi í ní èbúté.

"Ó wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n mi ò ní pọ̀n ọ́n o. Kí n wọ aṣọ yìí tán, kí n tún gbé ọmọ pọ̀n, kí wọ́n lè mọ̀ pé Ajégúnlẹ̀ la ti wá?"

"Wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Bàbá Tàwà, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

2.

Ọkọ̀ ṣí ní ìrọ̀lẹ́. Sàídù gun àjà òkè lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣèyí sá wọ abẹ́ tábìlì, ó jáde lódì kejì, ó fi ọwọ́ ọbẹ̀ di aṣọ Ìyáàfin Onyinyechi, ìyàwó ọ̀gá, mú.

"Ọ̀gá kékeré, èmi náà lo fẹ́ jẹ ni?" ni obìnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwàdà lásán ni, ṣùgbọ́n ó gún Ṣìkẹ́mi lára. Ufuoma, ọmọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ fún èrò, na ọwọ́. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, kí ẹ lè lọ bu oúnjẹ."

"Má ṣèyọnu. Mo lè mójú tó ọmọ mi."

Nígbà tí Ufuoma yí padà, Ṣìkẹ́mi yọ ọ̀já, ó fi gbá ikùn Ṣèyí mọ́ ẹ̀yìn àga, ó ta kókó méjì, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bò ó kí ojú má baà rí i.

"Tàwà, jókòó tì í."

"Màámi, ó ní kí ẹ tú òun."

"Á dákẹ́."

3.

Kò dákẹ́. Nídìí àbùfúnraẹni, Ìyáàfin Onyinyechi ń bá Ṣìkẹ́mi sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, Ṣìkẹ́mi sì ń gbọ́ igbe Ṣèyí lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí di òní nìyí: ó gbọ́ ọ, ó sì ń bá ẹ̀rín lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan kọjá, ìgbì rẹ̀ sì gbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwo ọbẹ̀ ẹja gbígbóná tí Ufuoma ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ yọ̀ lórí tábìlì. Gbogbo ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ fò dìde. Ẹni tí a so nìkan ni kò lè fò; òun ni ọbẹ̀ náà dà lé lórí ara.

Tàwà fò, ó padà, ó ń fi eyín fa kókó ọ̀já. Kò tú. Ufuoma ni ó fi ọ̀bẹ gé e.

4.

Wọ́n ń da omi tútù sí ọmọ lára nígbà tí Ìyáàfin Onyinyechi béèrè: "Ta ló so ọmọ yìí mọ́ àga?"

Gbogbo ojú yí padà. Sàídù ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Eré ni wọ́n ń ṣe."

"Tàwà, ìwọ?" ni Sàídù wí.

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn náà ó wolẹ̀.

5.

Ṣèyí yè. Àpá náà ti àyà rẹ̀ dé itan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Tàwà kì í fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀ mọ́. Bí Ṣèyí bá ń tẹ̀ lé e, yóò sá sí ìdí ògiri. Àwọn ìyá inú ọgbà ilé wọn sì ń pe ọmọ tiwọn wọlé bí wọ́n bá rí Tàwà.

Nígbà tí Ṣìkẹ́mi kò lè gbé irọ́ náà mọ́, ó jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀. Sàídù kò bú u. Ó ní kí ó pe Tàwà kí ó sọ òtítọ́ fún un.

"Tàwà, ìwọ kọ́ lo so Ṣèyí. Èmi ni. Mo parọ́ mọ́ ọ."

"Rárá, Màámi. Èmi ni."

"Èmi ni, ọmọ mi. Ìwọ lo fẹ́ tú u."

"Èmi ni," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tu ìyá rẹ̀ nínú. "Mo rántí bí mo ṣe ta kókó rẹ̀."

Sàídù dìde, ó jáde sí ìta.

Ẹ̀yin òbí, ìparí ọ̀rọ̀ nìyí: ìtìjú òbí kò tó ohun tí a ń fi ọmọ bò. N kò ní kí ẹ má gbé ọmọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́; àga tí a ṣe fún ọmọdé pẹ̀lú ìdè tirẹ̀ kò sì sí lára ohun tí mo ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ bóyá Tàwàkálítù yóò gba òtítọ́ gbọ́ lọ́jọ́ kan; ìtàn yìí kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ó sọ lórí ọmọ yín níwájú èrò. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.