Ẹnì Kan, Ìlà Kan

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọkùnrin náà ti ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú, ní Abidjan, lọ́dún 1979. Káàdì kan ṣoṣo ló dì mú: Tidjani, alátẹ bàtà, àdúgbò Koumassi Remblais. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun ọ́fíìsì náà ní Tidjani ti kú láti 1971.

Justine ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni bàbá rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá.

“Tonton, bàbá, mo ti ṣàlàyé,” ni Justine wí. “Tẹ́lẹ̀, hôpital, ilé ìwòsàn, ní ìwé tirẹ̀, àwa náà ní tiwa, wọn kì í pàdé. Báyìí, gbogbo rẹ̀ ti di àtẹ nínú machine. Ẹnì kan, ìlà kan, numéro kan. Níbi tí numéro wa bá ti bá ti hôpital mu, machine á ka ìlà méjèèjì pọ̀. Ti yín ti bá ti òkú mu.”

“Bá mi pa ìlà ikú yẹn rẹ́, ọmọ mi.”

“Kò ní gbà. Ìlà sàréè ṣì rọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí nǹkan mìíràn bá rọ̀ mọ́, machine kì í jẹ́ ká yọ ọ́.”

 Ọkùnrin náà béèrè bóyá wọ́n kọ orúkọ òkú náà pé. Justine ní ó pé, títí kan orúkọ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí pé ó dáa.

“Vendredi, Jímọ̀ yìí, ni ìforúkọsílẹ̀ bac, ìdánwò àṣejáde, máa parí,” ni ọkùnrin náà wí. “Ilé ìwé lycée ní bí bàbá Alimatou, ọmọ mi, bá ti kú, ká lọ gba ìwé alágbàtọ́ ní kóòtù. Oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ náà ò jẹun láti àná. Mo ti búra pé á kàwé dópin.”

 Ẹ̀rù ń bà á, kò sì lè fi pamọ́ mọ́.

Justine wo fọ́tò orí káàdì, ó wo ọkùnrin náà. “Fọ́tò yìí tiẹ̀ dàgbà jù yín lọ. Abidjan bá yín lára mu o.” Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Àánú ọkùnrin náà ṣe Justine. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó tú ìwé àtijọ́ tí hôpital kó ránṣẹ́, ó sì padà pẹ̀lú ọ̀kan.

“Ẹni tó gbé aláìsàn náà wá ló fọwọ́ síwèé níbí. Sìrájù, àbúrò olóògbé. Òun fúnra rẹ̀ ò ní káàdì. Tonton, àbúrò yín ni?”

“Òun ni.”

“Ó dáa. Àwọn ará wa máa ń yá ara wọn ní káàdì. Ó ní láti jẹ́ pé káàdì yín ló fi gbé ẹlòmíràn wọ hôpital. Ẹ mú un wá lọ́la. Bó bá sọ níwájú chef, ọ̀gá wa, pé òun ṣì í kọ ni, màá yọ ìlà sàréè, màá sì yọ ti ikú tẹ̀ lé e. Ṣé ó ṣì wà láyé?”

“Ó wà.”

“Ibi tó wà jìnnà?”

“Kò jìnnà,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì dìde.

Ó fi káàdì sápò, ó gba ọ̀nà ilé lọ bá opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣú lópó àti ọmọ tó ti ń pè é ní bàbá láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nítorí òun gan-an ni Sìrájù, òun ló sì fi káàdì yìí gbé Tidjani wọ hôpital, tó kọ̀ láti fi orúkọ ẹlòmíràn sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì mú káàdì náà bọ̀ láti ibi sàréè, tó ń fi í jẹ́ Tidjani títí di òní.