Òfin Kẹsàn-án Ẹgbẹ́ Ọ́pẹ́rà

Òfin kẹsàn-án nínú ìwé òfin Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ọ́pẹ́rà kò gùn rárá: ẹni tí etí rẹ̀ bá ti ń kọṣẹ́, kó gbé ara rẹ̀ lọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kó má dìbò mọ́, kó má sì sọ̀rọ̀ lórí orin mọ́. Alága fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó fẹ́ gba àga lọ́wọ́ Ọ̀gá Ilé-ìwé. Ó sì gbà á. Láti ìgbà náà ni Ọ̀gá Ilé-ìwé ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń fi fìlà bojú sùn.

Àmọ́ ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní Sátidé kan, wọ́n gbé àwo orin tuntun lé ẹ̀rọ bí ìṣe wọn, Alága kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Iná pupa ẹ̀rọ ń tàn lẹ́yìn aṣọ dúdú tó bo iwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwo ń yí, abẹ́rẹ́ jókòó lé e bó ṣe yẹ. Alága ń gbọ́ òjò lára fèrèsé, ó ń gbọ́ ṣíbí nínú ife tíì, ó ń gbọ́ bí Ọ̀gá Ilé-ìwé ṣe ń hanrun. Orin nìkan ni kò gbọ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó yọ́jú wo àwọn yòókù. Ìyá Apòògùn dijú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Akọ̀wé ń fi ìka lu orúnkún. Oníṣègùn Eyín ti ń wá áńkáṣíìfù. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ ṣe gbéra kúrò lórí àwo, Alága pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì bá a pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé tilẹ̀ ní ẹ̀rọ àwọn ti mọ́ lóhùn, pé ariwo tó máa ń hó ṣàà tẹ́lẹ̀ ti lọ pátápátá.

Láti ìgbà tí Alága ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, àga yẹn nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni ń torí ẹ̀ dìde fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dìde. Nítorí náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Apòògùn, ó ní àbúrò òun kan ni etí ń yọ lẹ́nu. Ìwé ìṣègùn ńlá kan ti wà ní ṣíṣí síbi ọ̀rọ̀ etí lórí káńtà kó tó dé. Ìyá Apòògùn kò wulẹ̀ wo inú ẹ̀ kó tó ṣàlàyé pé bí etí àgbà bá fẹ́ lọ, ohùn tó ga, tó tín-ín-rín, ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Èèyàn á ṣì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu dáadáa. Ó ní kó bá òun kí àbúrò náà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kejì, màmá tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n rán òun níṣẹ́ kan sí i nípa ẹ̀rọ orin. Alága, tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ orin lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ní ẹni tó ń gbálẹ̀, ilẹ̀ ni kó mójú tó. Màmá ní kò burú. Ó fara ti ilẹ̀kùn títí àwo fi parí, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́, ó mi orí, ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Sátidé kẹta ni ìdìbò. Alága àti Ìyá Apòògùn ló ń du àga, wọ́n sì ní láti ṣàlàyé àwo tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Nígbà tí àwo náà yí tán, Ìyá Apòògùn ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní obìnrin tó kọrin náà gbé ohùn sókè débi tí èémí rẹ̀ fi já, àfi bí ẹni tí ẹkún ká mọ́ ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Oníṣègùn Eyín sunkún gidi.

Ó kan Alága. Ó ti kọ irọ́ tirẹ̀ sínú ìwé, ojú ewé méjì gbáko. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí i pé Ọ̀gá Ilé-ìwé ti jí, ó ń wo òun. Ojú tì í. Ó pa ìwé dé.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú orin yìí,” ó ní. “Mi ò gbọ́ tọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò gbọ́ tèyí tó ṣáájú ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò tíì pé oṣù kan, ẹ jẹ́ n tètè dá a dúró.”

Ìyá Apòògùn ń ṣí báàgì, ó ń pa á dé. Nígbà tó yá, ó wo ilẹ̀.

“Ó mà ṣe o, Alága,” ó ní. “Àwa gbọ́ ọ ketekete.”

“Ketekete ni,” Akọ̀wé tètè sọ. Oníṣègùn Eyín ní òun gbọ́ títí kan ibi tí obìnrin náà ti gbé itọ́ mì. Wọ́n ka òfin kẹsàn-án sókè, wọ́n nawọ́ fún Ìyá Apòògùn, kò sí ọwọ́ tó kù nílẹ̀. Alága gbé tìmùtìmù rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn. Ọ̀gá Ilé-ìwé sún fún un.

“Ẹ jókòó,” ó ní. “Atẹ́gùn wà níbí dáadáa.”

Alága tuntun ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní etí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àpótí dúdú ńlá méjì léjìká, màmá agbálẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà,” ọkùnrin náà ní, “sípíkà ẹ̀rọ yín tí mo tú lọ tún ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo gbé dé yìí, mo sì rán màmá sí yín pé ẹ̀rọ náà ò ní fọhùn títí n ó fi dé.”