Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Ń Fẹ́

Ní Tẹ́ksáàsì, láti ìgbà tí a ti kúrò lára Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kì í dá lọ dìbò. Méjì-méjì ni à ń lọ, aládùúgbò pẹ̀lú aládùúgbò. Kí wọ́n tó gbà wá wọlé, kálukú yóò dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹni tí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀, bọ́ọ̀sì dúdú ni yóò gbé e lọ sí ibodè, a kì í sì í rí i mọ́.

Èmi àti Ẹlẹ́nu ni ìjọba so pọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti bá a yan odì, torí ó pè mí ní púrúntù lójú àwọn àna mi. Láti ìgbà náà, Ẹlẹ́nu ni gbogbo ilé mi ń pè é.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Akínlàbí Ògúndélé ni," ó wí. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ó ku ẹ̀yin o."

Mo la ẹnu. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo wá a títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣeré." Ó sún mọ́ mi.

"Ẹlẹ́nu," ni mo wí.

Iná pupa tàn. Àwọn sójà dì í lápá mú.

Ó ti ń gun bọ́ọ̀sì kí n tó rántí. "Láoyè ni," ni mo ń ké, "Láoyè ni o."

Sójà ẹnu ọ̀nà rọra fi ọwọ́ tì mí síwájú.

"Bàbá, ẹ wọlé, ẹ lọ dìbò yín."