Àwọn Adájọ́ Méje tí Ààrẹ Ọláòṣebìkan Yàn

Ní ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbórò, Ààrẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọláòṣebìkan. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì lawọ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò lè fara da kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ara yín lójú yẹn, ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí kì í ṣe ààrẹ nìkan ló ń ní irú àbùkù yìí.

Ilé-ẹjọ́ kan wà ní Ìgbórò tó ga ju gbogbo ilé-ẹjọ́ yòókù lọ. Adájọ́ méje ló ń jókòó níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti sọ, abẹ gé e. Ẹni tó bá ṣe òdì sí i, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Nígbà tó yá, àwọn àgbà adájọ́ fẹ̀yìn tì, ó wá ku kí Ààrẹ yan àwọn mìíràn. Àwọn ará ìlú rò pé ẹni tó mọ òfin ni Ààrẹ máa yàn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún igbákejì rẹ̀, Gbádégẹṣin, ni pé, "Ilé-ẹjọ́ tí kò bá ti jẹ́ tèmi, ti ọ̀tá mi ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn agbẹjọ́rò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi gbogbo wọn: "Bí ẹnì kan bá dúró níwájú yín, tí ìjọba ní ó ti kú, kí lẹ máa wí?"

Nínú wọn ni bàbá kan wà tó ń jẹ́ Fákúnlé, olóòótọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ààrẹ, màá kọ́kọ́ fọwọ́ kan àyà onítọ̀hún ná. Bó bá ń lù, ó wà láàyè nìyẹn."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní kí bàbá máa lọ sílé. Àwọn méje tó dáhùn pé "Ohun tí ìjọba bá wí náà ni" ló fi jẹ adájọ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jókòó ni nǹkan kan ti yí padà nínú ilé-ẹjọ́ yẹn. Wọn kì í wo ojú ẹni tó ń rojọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹnu wọn máa ń là, ohùn wọn a sì jáde bí ohùn ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀rù wọn ń ba àwọn akọ̀wé kóòtù pàápàá, wọn kò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ọdún ìjọba Ààrẹ pé, kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Fákúnlé pè é lẹ́jọ́. Ààrẹ kò bá a jiyàn. Ó kàn ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ pé òkú kì í pe èèyàn lẹ́jọ́. Bí Fákúnlé ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan, àwọn méjèèje la ẹnu: "Fákúnlé ti kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn mọ́."

Bàbá kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó kí akọ̀wé, akọ̀wé yíjú sí ògiri. Ó dé àdúgbò rẹ̀, obìnrin kan ń gbálẹ̀. Obìnrin náà rọra gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ bàbá ká bí ẹni pé òkúta ni. Ààrẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì sùn dáadáa.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ara Ààrẹ kò yá, ó lọ gba ìtọ́jú lókè òkun. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, kò rí mọ́tò kan, kò rí sójà kan. Ó fẹsẹ̀ rìn délé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ dúdú láàárín àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Ó pè é lórúkọ. Omi bọ́ lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Sàréè tuntun kan wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n kọ Ọláòṣebìkan sí i, erùpẹ̀ rẹ̀ sì ṣì tutù.

Ó sáré lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwòrán Gbádégẹṣin ló wà lára ògiri, níbi tí tirẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Igbákejì yìí ló ti ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe kọ́ ọ.

"Èmi ni mo yàn yín," ni Ààrẹ wí fún wọn. "Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Àwọn méjèèje la ẹnu: "Ọláòṣebìkan ti kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn mọ́."

Kò sì sí ilé-ẹjọ́ mìíràn tó ga ju ìyẹn lọ tí ó lè sá lọ sí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú oòrùn, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Nígbà tó pẹ́, ohùn kan ní, "Ẹ kú ìrìn, Ààrẹ." Fákúnlé ni. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti gbó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ lé Ààrẹ láyà.

"Ó ń lù," ó ní. "Ẹ wà láàyè."

Ààrẹ di ọwọ́ náà mú, ó ń sunkún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọlé lọ sọ fún wọn."

Fákúnlé mi orí. "Ì bá wù mí. Àmọ́ òkú lèmi, Ààrẹ. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Wọn kì í gba ẹ̀rí òkú nílé-ẹjọ́ yìí."

Wọ́n ní títí di òní, àgbà méjì kan ṣì ń rìn káàkiri Ìgbórò lọ́sàn-án gangan, tí ẹnì kan kì í kí wọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ tí agbára bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má yan adájọ́ torí pé yóò gbè sẹ́yìn yín. Ẹni tó lè dá yín lẹ́bi ni kí ẹ yàn, torí òun nìkan ló lè dá yín láre lọ́jọ́ tí agbára bá bọ́ lọ. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.